Ọkọ̀ Tí Kò Gúnlẹ̀

Tí ènìyàn bá dúró níwájú ọkọ̀ Harriet ní òwúrọ̀, tí kùrukùru bá ti ká kúrò lójú omi, díẹ̀ ló kù kó rí gbogbo Èkó tán. Àwọn kréènì Àpápá á na ọrùn sókè bíi lékèélékèé tó ń ṣọ́ ẹja. Lẹ́yìn wọn ni àwọn àgbá ìyẹ̀fun gàgàrà wà, lẹ́yìn ìyẹn lọ́hùn-ún ni àwọn ilé gogoro Marina, tí wọ́n dúró bí àlejò tí wọn ò tíì fún ní àga. Tin Can ló súnmọ́ jù: kọ̀ńténà lórí kọ̀ńténà, àti ariwo tírélà tí kì í sinmi. Lápá òsì ni Kirikiri, níbi tí àwọn ọkọ̀ pẹlẹbẹ ti ń já ẹrù. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí Dáhùnsí máa ń kọjú sí nínú wọn. Òpó nẹ́tíwọ̀kì kan ló máa ń wá, tí wọ́n kùn ní pupa àti funfun, tó yọ gọnboro láàárín àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà. Ajégúnlẹ̀ nìyẹn. Abẹ́ òpó yẹn ni ilé rẹ̀ wà, ìyàwó rẹ̀ wà nínú ilé náà, òun wà lórí omi, kò sì lè lọ.

Dáhùnsí ni kúùkù ọkọ̀ náà. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, ó ga, ó tẹ̀ díẹ̀ léjìká bí àwọn tó ti pẹ́ níbi tí òrùlé ti kúrú. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ìyá rẹ̀ ń se ìrẹsì fún àwọn tó ń já ẹrù ní èbúté, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti mọ iṣẹ́ oúnjẹ, láti ìgbà tó sì ti di géńdé ló ti ń dáná fún àwọn atukọ̀. Harriet kì í ṣe ọkọ̀ ńlá. Epo ló ń gbé láti Èkó lọ sí Wàrí, tó ń gbé láti ibẹ̀ lọ sí Pọ́tà. Ọ̀gá Martins ló ni ín, orúkọ ìyá rẹ̀ ló fi sọ ọkọ̀ náà. Nígbà tí àárín òun àti àwọn tó bá a dòwò pọ̀ dàrú, wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, kóòtù sì ní kí ọkọ̀ náà má kúrò lójú kan títí ẹjọ́ á fi parí. Ọ̀gá Martins fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Àwọn kan ní ó wà ní Kútọnu, àwọn kan ní ó ti fò kọjá ibẹ̀.

Ọkọ̀ tó bá wà lórí omi kò gbọdọ̀ ṣófo. Ìjì lè gbé e lọ kọlu èyí tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, kóòtù ní kí olùṣọ́ wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ ní ara òun ò yá, ó bọ́ sílẹ̀. Àwọn yòókù tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù pẹ̀lú àwáwí tirẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, ó ku Dáhùnsí, ó ku Ikechukwu tó ń bójú tó ẹ̀rọ. Orúkọ àwọn méjèèjì ni wọ́n kọ sílẹ̀. Wọ́n gba káàdì iṣẹ́ òkun lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ láìgba ìyọ̀ǹda, ẹ̀wọ̀n ni. Wọ́n ní kò ní í pẹ́. Òjò ọdún yẹn rọ̀ tán, ọyẹ́ dé, ó lọ, òjò mìíràn tún bẹ̀rẹ̀.

Ràdíátù, ìyàwó Dáhùnsí, ń ta bàtà òkìríkà ní Bọ́ńdárì. Tí àwọn oníbàárà bá béèrè ọkọ rẹ̀, á ní wọ́n dá a dúró sí Kirikiri. Ojú wọn á yí padà, wọ́n á rò pé ọgbà ẹ̀wọ̀n ni. Ẹlòmíì á fi ọwọ́ kàn án léjìká, á ní, "Ọlọ́run á yọ ọ́." Ní ìbẹ̀rẹ̀ ó máa ń ṣàlàyé pé ọkọ̀ ni, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Nígbà tó yá, ó rẹ̀ ẹ́, ó kàn ń ṣe àmín.

Nínú ọkọ̀, ayé ti kéré. Epo jẹnẹrétọ̀ ti tán, iná ò sí, ẹ̀rọ gbogbo sì dákẹ́ bí ẹni tó kú. Sólà kékeré kan tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ ni wọ́n fi ń gba iná sí fóònù. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Godstime máa ń fi ọkọ̀ àjẹ̀ gbé omi mímu, gàárì àti búrẹ́dì wá fún àwọn ọkọ̀ tó dúró lójú omi, òun ni wọ́n fi ń mọ̀ pé àwọn ènìyàn ṣì wà láyé. Gbogbo ara Harriet ń ṣí bí èèpo ẹ̀pà. Tí Dáhùnsí bá gbá dẹ́ẹ̀kì láàárọ̀, ìpẹtà pupa ló máa ń kó dànù sínú omi, lọ́jọ́ kejì òmíràn á tún ti wà níbẹ̀.

Ikechukwu kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Àwódì-Orà ló dàgbà sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ dán bí ti ẹnikẹ́ni, àfi pé Píjìn máa ń yọ lẹ́nu rẹ̀ bí inú bá ń bí i tàbí bí inú rẹ̀ bá dùn. Ogechi, tí ó fẹ́ fẹ́, ń dúró dè é níbẹ̀. Bàbá Ọdún ni Ikechukwu ń pe Dáhùnsí, nítorí orúkọ ọmọbìnrin rẹ̀, Ọdúnayọ̀. Wọ́n ti jà, wọ́n ti parí rẹ̀. Ìgbà kan wà tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko nítorí agolo sàdíìnì. Lórí ọkọ̀ tí ènìyàn méjì péré wà, ìyẹn le ju kí ènìyàn dá wà lọ. Ikechukwu ló kọ́kọ́ bọ́hùn. Ó wá sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ní, "Bàbá Ọdún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú mi, kí n ṣáà gbọ́ ohùn ènìyàn."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Ràdíátù pè pé Ọdúnayọ̀ ti bí. Obìnrin ni. Tìyá tọmọ wà láàyè, àlàáfíà ni.

Dáhùnsí jókòó lórí okùn tí wọ́n ká jọ síwájú ọkọ̀, ó ń wo òpó pupa àti funfun yẹn. Ràdíátù gbọ́ bó ti ń mí.

"Ẹ ò sọ nǹkan kan?"

"Mo ń gbọ́ ẹ. Ta ló jọ?"

"Orí yín ló gbé wá. Ó gùn bí ìbẹ́pẹ." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àwọn ará ilé ọkọ Ọdún ń béèrè bóyá ẹ máa wà níbi ìkómọ. Kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Sọ pé mò ń bọ̀."

Kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu òun.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí bóòtù àwọn ẹ̀ṣọ́ omi wá kà wọ́n bí wọ́n ti máa ń ṣe láràárọ̀, ó bẹ ọ̀gá wọn. Ó ní òun kò béèrè ju ọjọ́ kan lọ, òun á padà. Ọkùnrin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó bọ́ fìlà, ó nu iwájú orí. Ó ní, "Bàbá, tó bá jẹ́ tèmi ni, ẹ máa lọ. Ṣùgbọ́n ìwé kóòtù ni mo máa rí kí n tó jẹ́ kí ẹ sọ̀." Dáhùnsí pe lọ́yà tó ń bá ẹjọ́ náà bọ̀. Lọ́yà ní kóòtù wà lórí ìsinmi, àwọn adájọ́ ti lọ sílé. Ó kí i kú oríire ọmọ tuntun, ó sì pa fóònù.

Lálẹ́ ọjọ́ náà Dáhùnsí ò jẹun. Ikechukwu ló bu gàárì, ó jókòó tì í.

"Ẹ lọ," ó ní.

"Lọ síbo?"

"Sí ìkómọ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kì í wá lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Tí wọ́n bá ti kà wá láàárọ̀, Godstime á gbé yín. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ ti dé."

"Tí wọ́n bá wá ńkọ́?"

"Mà á ní ẹ ń sùn."

Dáhùnsí wo ṣéènì ìdákọ̀ró tó wọ inú omi lọ níwájú wọn. Ọ̀kan péré ló di ọkọ̀ náà mú. Èkejì rọ̀ sára ọkọ̀, ìpẹtà ti mú búréèkì rẹ̀, kò sì sí iná tí wọ́n lè fi yí ẹ̀rọ. Wọ́n ti jọ yẹ̀ ẹ́ wò nígbà kan. Ikechukwu ti sọ pé tó bá di dandan, ẹnì kan á máa fi òòlù lu irin tó gbé e dúró, ẹnì kejì á máa tú búréèkì.

"Tí ìjì bá jà ńkọ́?" Dáhùnsí béèrè.

"Ìjì, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń jà lásìkò yìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ tètè dé. Bàbá Ọdún, èmi náà ní ìyá. Tó bá jẹ́ èmi ni, ṣé ẹ ò ní í jẹ́ kí n lọ?"

Kò dá Dáhùnsí lójú pé òun á jẹ́ kó lọ.

Ní ọjọ́ ìkómọ, bí bóòtù àwọn ẹ̀ṣọ́ ti yí ẹ̀yìn padà sí Tin Can, Godstime fi ọkọ̀ àjẹ̀ rẹ̀ fara ti ẹ̀gbẹ́ Harriet. Dáhùnsí sọ̀ lórí àkàsọ̀ okùn, ó dùbúlẹ̀ sáàárín àwọn kẹ́ẹ̀gì tó ti ṣófo, Godstime sì fa tapólì bò ó. Abẹ́ rẹ̀ gbóná, òórùn ẹja gbígbẹ sì kún ibẹ̀. Ó ń gbọ́ omi lábẹ́ etí rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí òjìji ọkọ̀ ńlá bá bò wọ́n, ó máa ń di èémí mú.

"Oga Cook," Godstime ní nígbà tó yá, "stand up. We don reach."

Kirikiri ni, etíkun kékeré kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń kó iyanrìn. Dáhùnsí gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀, ilẹ̀ sì fì. Ó di òpó mú. Ó ti pẹ́ tó wà lórí ohun tó ń mì débi pé èyí tí kò mì ló ń kọ́ ọ lóòyì. Àwọn tó ń kó iyanrìn rò pé ó ti mutí.

Ó wọ kẹ̀kẹ́. Ó ti rò pé inú òun á dùn, pé òun á máa wo gbogbo rẹ̀ bí ẹni jẹ oyin: ọgbà ilé ìwé Tólú pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rẹpẹtẹ, gọ́tà ńlá tó dúdú bí epo, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tí wọ́n jọ lo ògiri kan ṣoṣo, títì Ọ̀jọ́ níbi tí ènìyàn ti lè gbọ́ Yorùbá, Ìgbò, Ìjọ́ àti Úróbò kó tó sọdá. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe é ni pé gbogbo rẹ̀ súnmọ́ ọn jù. Ènìyàn ń fi ara gbún un, ariwo ń wọ̀ ọ́ létí láti ibi gbogbo. Lórí ọkọ̀, ó máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé ìlú òun ń jẹ́ Ajégúnlẹ̀, ajé ti gúnlẹ̀, ó ku òun. Òun náà ti gúnlẹ̀ báyìí, ọrùn rẹ̀ sì ń yí padà síbi tí omi wà.

Ràdíátù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò sáré, kò ké. Ó wo ọkọ rẹ̀ láti òkè délẹ̀.

"Ẹ ti rù."

"Ìwọ náà ti rù."

"Ẹ wọlé. Wọ́n ń dúró dè yín."

Wọ́n gbé ọmọ náà fún un. Orí rẹ̀ gùn lóòótọ́. Ìyá àgbà kan nínú àwọn àna ní kí wọ́n kúkú sọ ọ́ ní Tòkunbọ̀, nítorí bàbá rẹ̀ àgbà ló ti òkun bọ̀. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Dáhùnsí náà fẹnu rẹ́rìn-ín. Nígbà tó kàn án láti sọ tirẹ̀, ó ti oyin díẹ̀ bọ ẹnu ọmọ náà, ó ní, "Mobọ́láńlé." Ọdúnayọ̀ bojú wo ilẹ̀.

Wọ́n jẹun. Wọ́n tún bu oúnjẹ. Àwọn ará àdúgbò wọlé wá fọwọ́ kàn án bí ẹni pé wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá òun ni lóòótọ́. Oòrùn ti kọjá àárín ọ̀run nígbà tó sọ fún Ràdíátù pé òun gbọ́dọ̀ máa lọ.

"Mo mọ̀," ó ní. "Ẹ kàn wọ yàrá, kí ẹ pààrọ̀ ẹ̀wù. Mo fọ àwọn kan kalẹ̀."

Ó wọ yàrá. Bẹ́ẹ̀dì náà wà bó ṣe fi í sílẹ̀. Ó jókòó sí etí rẹ̀ láti bọ́ bàtà. Ó fẹ́ fi ẹ̀yìn kàn án díẹ̀, kí ara rẹ̀ rántí ohun tí kì í mì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Fèrèsé tí afẹ́fẹ́ gbá mọ́ ògiri ló jí i. Yàrá ti ṣókùnkùn, kì í sì í ṣe alẹ́. Eruku ń fò lójúde, páànù ń lù, àwọn obìnrin ń pe ọmọ wọlé. Ràdíátù jókòó lórí àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Kí ló dé tí o ò jí mi?"

Kò yí ojú kúrò lára rẹ̀. "Mo rí bí ẹ ṣe ń sùn. Mi ò lè jí yín. Mo ní kí ẹ fi díẹ̀ kún un. Mo sì tún ní díẹ̀ sí i."

Dáhùnsí ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó gba pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gun òkè ilé, ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Monica, ayálégbé tó wà lókè pátápátá, tó ń kó aṣọ tó sá. Kò kí i. Ó di irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú, ó wo ojú omi.

Ó mọ ibi tí Harriet máa ń wà. Láti ibí, àárín kréènì kẹta ní Tin Can àti ẹ̀yìn ọgbà Kirikiri ló yẹ kó wà, ọkọ̀ kúkúrú tó ní ilé funfun lẹ́yìn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó nu ojú, ó tún wò. Ó wá rí i lápá ọ̀tún, ó ti fi ẹ̀gbẹ́ kọ afẹ́fẹ́, ó ń lọ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń rìn nínú oorun. Níwájú rẹ̀ ni jẹ́tì tí àwọn ọkọ̀ epo ti ń já epo. Òjò wá bò ó, kò sì rí i mọ́.

"Bàbá Ọdún, kí ni ẹ̀ ń wò?" Monica béèrè.

"Ọmọ kan wà níbẹ̀," ó ní. "Ọmọ kan wà nínú rẹ̀."

Owó ìlọ́po mẹ́ta ni oníkẹ̀kẹ́ gbà kó tó gbé e nínú òjò náà. Títì ti di odò. Nígbà tí wọ́n dé etíkun Kirikiri, Godstime wà lábẹ́ búkà àwọn oníyanrìn, ó káwọ́ lérí. Ó ti fa ọkọ̀ àjẹ̀ rẹ̀ sórí ilẹ̀.

"Gbé mi lọ."

"Oga Cook, I no fit. See water."

"Godstime, mo bẹ̀ ẹ́."

"Make I carry you go die? You get pikin, me too I get." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó fa àpótí kan sí i. "Sit down. When breeze come down, I go carry you. I swear."

Dáhùnsí kò jókòó. Ó dúró sétí búkà náà, òjò ń dà sí i lára. Omi náà wúwo, ó funfun lórí, kò sí ohun tí ojú rí kọjá ibi tí òkò lè dé. Ó pe Ikechukwu. Fóònù náà dún títí, kò gbé e. Ó tún pè. Lẹ́yìn náà kò dún mọ́. Ó ti lé ní ọdún kan tó ti ń wo ilẹ̀ láti orí omi, tó ń rò pé kò sí ìdè tó ju ìyẹn lọ. Báyìí ó wà lórí ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lórí iyanrìn, kò sí ẹ̀ṣọ́, kò sí ìwé kóòtù, kò sì lè gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ó kọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan dé ìdajì, ó gbàgbé ìyókù.

Nígbà tí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀, Godstime mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Wọ́n la ìdọ̀tí tó léfòó kọjá, wọ́n la òjò wẹ́liwẹ́li kọjá. Wọ́n dé ibi tí Harriet ti máa ń wà, wọ́n kọjá. Wọ́n dé ìtòsí jẹ́tì epo, kò sí níbẹ̀, Dáhùnsí sì dúpẹ́. Lódì kejì, lápá Ìgbólógun, níbi tí igi ẹ̀gbà ti ki gbòǹgbò bọ omi, ni wọ́n ti rí i. Ó ti gun orí iyanrìn. Ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìdákọ̀ró kejì ti wà nínú omi.

Ó gun àkàsọ̀ okùn náà bí ọ̀dọ́mọdé. Ikechukwu jókòó níwájú ọkọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ ẹ̀rọ tó ń ká ṣéènì, òòlù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti fi síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ di ọwọ́ òsì, aṣọ náà sì ti pọ́n. Ó gbọ́ ẹsẹ̀, kò gbé orí sókè.

"Ẹ káàbọ̀," ó ní.

"Ikechukwu."

"Nígbà tí ìdákọ̀ró àkọ́kọ́ já, mo fi ẹsẹ̀ tú búréèkì èkejì. Mo ń fi ọwọ́ kan lu irin yẹn. Nígbà tó jábọ́, ṣéènì gbá ọwọ́ kejì." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì. "Ó ṣẹ́kù díẹ̀ kó dé jẹ́tì. Mo rí ojú àwọn tó wà lórí rẹ̀, wọ́n ń sá. Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ yí, tó gbé wa wá síbí."

Dáhùnsí kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tó lè bí. Ó ní, "Mo sùn." Òótọ́ tó wà nìyẹn, ó sì kéré gan-an bó ti jáde lẹ́nu rẹ̀. Ikechukwu wá wò ó nígbà yẹn, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó wò ó pẹ́.

"Wetin be the pikin name?" ó béèrè.

"Mobọ́láńlé."

Ikechukwu mi orí, ó sì di ojú.

Bóòtù àwọn ẹ̀ṣọ́ dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀gá wọn gun òkè, ó wo ṣéènì, ó wo ọwọ́ Ikechukwu, ó wo Dáhùnsí tí iyanrìn Kirikiri ṣì wà ní ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀. Ó béèrè pé níbo ni olúkúlùkù wọn wà nígbà tí ìdákọ̀ró àkọ́kọ́ já.

"A jọ wà níbí," Ikechukwu ní. "Bàbá ń tú búréèkì, èmi ń lu irin."

Ọ̀gá náà tún wo ẹsẹ̀ ṣòkòtò yẹn. Ó kọ ohun tí wọ́n sọ fún un sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé ọmọ náà wá sínú bóòtù, òun á gbé e lọ sí ọsibítù, òun ò béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Dáhùnsí ní òun á bá wọn lọ. Ọ̀gá náà ní rárá, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀.

Báyìí ló ṣe ku Dáhùnsí nìkan. Ọkọ̀ náà kò mì mọ́, nítorí ó ti jókòó lórí iyanrìn, ṣùgbọ́n ó fì débi pé kò sí ibi tí ènìyàn lè sùn kó má yí. Láti ibi tó wà báyìí, igi ẹ̀gbà dí òpó Ajégúnlẹ̀. Ẹ̀fọn ló kù tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ràdíátù ń pè, ó sì ń sunkún pé òun ló fà á. Dáhùnsí sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ní àwọn ọjọ́ kan Dáhùnsí gba ohun tó sọ yìí gbọ́, ní àwọn ọjọ́ kan ó fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀bi Ràdíátù.

Ìjàǹbá náà ló sì tú u sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ jẹ́tì epo tí ọkọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlù ba àwọn aláṣẹ lẹ́rù. Lọ́yà tí kì í gbé fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í pe fúnra rẹ̀. Nígbà tí àwọn adájọ́ ti ìsinmi dé, wọ́n ní ọkọ̀ tó ti gun iyanrìn kò nílò atukọ̀, kí wọ́n fi olùṣọ́ lásán sí i. Ìyẹn ni wọ́n fi gbé àwọn ọkùnrin méjì kan wá, tí wọ́n wọ aṣọ ẹ̀ṣọ́ tó tóbi jù fún wọn, Dáhùnsí sì fi ilé ìdáná hàn wọ́n, ó fi ibi tí òjò ti ń jò hàn wọ́n, ó bọ́ sínú bóòtù. Wọ́n dá káàdì rẹ̀ padà fún un létí omi. Owó iṣẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ó ríṣẹ́ sí ilé oúnjẹ kan lẹ́nu géètì Tin Can, ó ń se ìrẹsì fún àwọn onítírélà tó ń dúró de ẹrù. Kò tún gun ọkọ̀ mọ́. Ní alẹ́, Ràdíátù máa ń rí i tó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì nínú òkùnkùn, ó ń fetí sílẹ̀. Tí ó bá ní kó dùbúlẹ̀, á dùbúlẹ̀.

Ìka méjì lọ́wọ́ òsì Ikechukwu kò ká mọ́. Kò sí ọkọ̀ tó máa gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Àwódì-Orà, ó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Ní ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ tí Dáhùnsí lọ síbẹ̀, Ogechi dúró sẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ní ojú tí kì í ṣẹ́.

"Ó ń sùn," ó ní.

Dáhùnsí gbé ike oúnjẹ tó gbé wá sílẹ̀, ó padà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ogechi tún ní ó ń sùn, bẹ́ẹ̀ Dáhùnsí ń gbọ́ ìró irin láti ẹ̀yìn ilé. Ó tún gbé ike sílẹ̀, èyí tó kọ́kọ́ gbé wá wà lẹ́bàá ògiri, wọ́n ti fọ̀ ọ́. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà kan Ikechukwu fúnra rẹ̀ ló jáde, epo dúdú wà lápá rẹ̀. Wọ́n dúró lójú oòrùn.

"Bàbá Ọdún, mo pe orúkọ yín lọ́jọ́ yẹn títí ohùn mi fi lọ," ó ní. "Mi ò bínú mọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá rí yín, mo tún ń gbọ́ ara mi."

"Ṣé kí n má wá mọ́?"

Ikechukwu ronú sí i. Alùpùpù kan kọjá, ó ta omi gọ́tà sí wọn lẹ́sẹ̀, àwọn méjèèjì sì sún sẹ́yìn.

"Mi ò mọ̀," ó ní. "Ẹ fún mi láyè díẹ̀."

Dáhùnsí kò lọ fún bí oṣù méjì. Nígbà tó tún lọ, ọwọ́ òfo ló lọ. Ogechi ń fọ ẹ̀wà níwájú ilé, oyún ti hàn lára rẹ̀. Ó wò ó, ó sì fi orí júwe ẹ̀yìn ilé láìsọ̀rọ̀. Ikechukwu ti tú ẹ̀rọ kan sílẹ̀ lórí pákó, ó ń gbìyànjú láti fi ọwọ́ tó dá di nǹkan mú kó sì tún fi í yí nǹkan. Ó rí i. Kò kí i bí wọ́n ti ń kí àlejò.

"Ẹ di ibí yìí mú," ó ní.

Dáhùnsí ká apá ẹ̀wù sókè, ó jókòó sí orí búlọ́ọ̀kù tó wà níbẹ̀, ó dì í mú.